Ẹsẹ̀ Tí A Kò Wò Mọ́

Ìró omi tí wọ́n ń dà sí ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ ọjọ́ epo nígbà náà. Kí n tó fojú kan èéfín, kí òórùn ẹyìn tí wọ́n ti sè tó wọ yàrá wá bá mi, màá ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà odò: omi á dà ṣàà, àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, omi á tún dà. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìlútítun nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pẹ ló sì yí i ká bí ọgbà. Ẹni tí kò bá ní oko ọ̀pẹ níbẹ̀ yóò ní àna tó ní in. Ìdí nìyí tí ebu epo, ibi tí a ti ń sọ ẹyìn di epo, kò fi jẹ́ ti ẹnì kan. Ti gbogbo abúlé ni. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, kòtò rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá kékeré, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú. Inú kòtò yẹn ni àwọn obìnrin ń wọ̀, tí wọn á di èjìká ara wọn mú, tí wọn á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn sísè títí ẹran rẹ̀ yóò fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́, tí epo yóò sì léfòó, pupa yòò, lójú omi.

Obìnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ kòtò láìjẹ́ pé wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ni epo, a kì í fi ẹsẹ̀ tó légbò tẹ oúnjẹ. Ìyá kan tó ti dàgbà ló ń ṣe olórí ibẹ̀, Ìyá Ebu ni gbogbo wa ń pè é. Yóò dojú odó àtijọ́ kan dé lẹ́nu kòtò, yóò jókòó lé e, yóò sì tẹ́ aṣọ sórí itan. Bí obìnrin kan bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, yóò sọ fún un pé, “Gbé e wá.” Obìnrin náà á gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan bí ìgbà tí a gbé ọmọ fún alágbàtọ́. Ìyá Ebu á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á ya ọmọ ìka níkọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ ra ọrùn ẹsẹ̀. “Ó dáa. Wọlé.” Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dáa yóò lọ jókòó sábẹ́ igi, àwọn yòókù á bá a tẹ ẹyìn tirẹ̀, epo rẹ̀ kò ní dín. Òfin ni. Bí ìka kan bá tọ́ epo, a máa ran àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ní ebu wa, bí ẹsẹ̀ kan bá ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ àwọn tó kù ló ń ṣiṣẹ́ fún un.

N kò fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Ìyá Ebu. Ẹnu rẹ̀ mú ju àdá tí a fi ń gé ẹyìn lọ. Bí ó bá rí ẹsẹ̀ tó gbẹ, yóò ní, “Ìwọ tí ò ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo, o ò rí èyí tí wàá fi pa á?” Bí ó bá rí gìgísẹ̀ tó sán, yóò béèrè bóyá ẹran ló ń sá pa mọ́ síbẹ̀. Ìgbà kan wà tó di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan mú, tó wò ó lójú, tó sì sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo èèyàn pé ọmọ náà ti lóyún. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà nínú kòtò níjọ́ náà, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ti pẹ́ nílẹ̀ àjò. Ọmọbìnrin yẹn sá lọ sí Àjàgbà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, kò sì padà sí ebu wa mọ́ láéláé. Nígbà tí wọ́n bá Ìyá Ebu wí, ohun tó sọ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò gbé ìtìjú kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi náà kò fẹ́ràn ebu. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé, nítorí oko ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí. Nígbà tí mo dé kíláàsì àkọ́kọ́, èmi ni wọ́n ń rán pé kí n bá wọn kan òrùlé tí afẹ́fẹ́ ṣí, Bàbá Kíláàsì sì lorúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Nígbà tí mo wá di olùkọ́, kò sí ohun tó yá tó lójú mi. Ẹni tó pẹ́ wọ ọkọ̀ ló máa ń pariwo jù pé kí awakọ̀ sáré. Mo ń wo kòtò yẹn, mo ń wo àwọn obìnrin tó fi epo kùn dé orúnkún, ojú ń tì mí, bí ẹni pé àwọn kọ́ ló tẹ epo tí wọ́n fi rán mi ní ilé ìwé.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, oyún àkọ́bí wà nínú rẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ ní ọjọ́ epo kan, ó gbé e lé Ìyá Ebu lórí itan. Ìyá Ebu kò sọ pé ó dáa.

“Ẹsẹ̀ ta nìyí?”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Ìyá.”

“Irọ́ ni. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ. Pupuru lèyí.”

Ẹ̀rín sọ nínú kòtò. Fún ẹni tí kò bá jẹ́ ará ọ̀dọ̀ wa, pupuru ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róbótó bí bọ́ọ̀lù, tí a sì yan lórí iná. Bí ó ṣe máa ń yọ rìbìtì tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyàwó mi rí. Inú bí i, ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ìyá náà kò fi sílẹ̀.

“Ọma mi, má bínú. O ò wọ kòtò lónìí. Ẹ lọ pe Tíṣà wá fún mi.”

Ibi tí mo ti ń kàwé lẹ́yìn ilé ni wọ́n bá mi. Bí mo ṣe yọ, Ìyá Ebu gbé ẹsẹ̀ ìyàwó mi sókè bí ẹni ń na ẹja fún oníbàárà. “Tíṣà, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ rèé. Ṣé ó wà nínú ìwé tí ò ń kà?” Mo fi ìbínú gbé ìyàwó mi sórí ọ̀kadà, a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa, kí n lè padà wá sọ fún ìyá náà pé kò sí nǹkan kan. Wọn kò jẹ́ ká padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ti ga. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ títí ó fi bímọ. Dókítà sọ pé ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní ká wá.

Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò dárí ọ̀rọ̀ pupuru jì í. Gbogbo ebu ló ń pe ọmọ wa obìnrin ní Pupuru. Kódà nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Ìyá Ebu á rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á ké pé, “Pupuru mi, ṣé wọ́n yan ọ́ jinná?” Ọmọ náà á sáré lọ dì mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ á pòṣé.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá. Mo rí i ní oko kan tí wọ́n kó àwa olùkọ́ lọ wò: ẹ́ńjìnnì kan tó ń ti irin yípo, tó ń gún ẹyìn, àti irin mìíràn tó ń fún epo rẹ̀ jáde. Àsìkò tí obìnrin kan fi ń fọ ẹsẹ̀ ni epo fi ń ṣàn. Mo padà wálé, mo pe ìpàdé sábẹ́ àgọ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo dìde dúró, mo sì sọ̀rọ̀ ju bí mo ti í sọ̀rọ̀ lọ. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó jọ pé kò sí gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ “ìlọsíwájú” kò sí. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹsẹ̀ la ó fi tẹ epo dé ọ̀run ni. Mo sọ fún wọn pé ayé ń sáré, àwa ń tẹ ẹyìn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a dé ilé, mo bi í pé kí ló dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni ò ní fa ẹsẹ̀ mi mọ́ níta gbangba,” ló dá mi lóhùn.

Gbogbo abúlé dáwó jọ, ẹ̀rọ dé. Wọ́n dí kòtò, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí orí rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe fa okùn rẹ̀ tó dún, àwọn ẹyẹ tó wà lórí ọ̀pẹ fò lọ. Epo dé kí oòrùn tó mú. Mo rántí pé àwọn obìnrin dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣófo, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n ru epo wọn, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìyá Ebu wá níjọ́ náà. Ó yí odó rẹ̀ wá, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́nu ilé ẹ̀rọ, ó gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí itan. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, ẹni tí a gbà wá láti ìlú mìíràn, wò ó títí.

“Ìyá, ẹ̀rọ ò lẹ́sẹ̀ o.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ò lẹ́sẹ̀.” Ó da omi náà sílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí ẹnì kan bá òun ru odó lọ sílé.

Kí n má purọ́, ẹ̀rọ náà ṣe wá lóore. Iṣẹ́ tó máa ń jẹ odidi ọjọ́ di iṣẹ́ òwúrọ̀. Ọmọbìnrin wa kò pa ilé ìwé jẹ rí nítorí ọjọ́ epo, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ pa á jẹ títí ó fi sú u, tó fi kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi ṣí ìsọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ta ìyọ̀, ọṣẹ àti ẹja gbígbẹ tí àwọn ará etí omi ń kó wá. Orúnkún àwọn obìnrin sinmi. Nígbà tí fóònù dé, ó tún dẹrùn sí i. Ọlọ́kadà ni yóò gbé ẹyìn lọ, ọlọ́ẹ̀rọ á pe ìyàwó mi pé, “Màmá, epo yín ti jáde,” ọlọ́kadà á gbé kẹ́ẹ̀gì epo wálé. Ìyàwó mi lè tẹ epo ọdún kan láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ odò. Mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Òkìtìpupa ni wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ nígbà yẹn. Màá jáde ní ìdájí, màá dé ní ìrọ̀lẹ́. Iná ìjọba ti pẹ́ tó ti fi wá sílẹ̀, àtùpà kékeré tó ń gba agbára oòrùn la fi ń jẹun. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá orí tábìlì. Mo ń rí ojú ìyàwó mi lójoojúmọ́, ojú náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa ti lọ kàwé ní Ìbàdàn, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ń rí ojú ara wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í bọ́ bàtà bí ti àwọn ìjọ aláṣọ funfun, aṣọ tí ìyàwó mi ń ró sì máa ń wọ́lẹ̀. Gbogbo ayé ló ń rí ojú rẹ̀.

Ìgbà kan wá dé tí n kì í rí sálúbàtà mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Aláwọ dúdú ni, mo rà á ní Ìlútítun. Mo bá a lẹ́sẹ̀ ìyàwó mi.

“Bàtà mi rèé o.”

“Bàbá Pupuru, ohun tó jẹ́ tiyín, tèmi náà ni. Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí àlùfáà kà sí wa létí ni?”

Òun tó ń bínú sí orúkọ yẹn ló fi pè mí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn pé a ti dàgbà dé ibi tí ìyàwó ń wọ bàtà ọkọ. Mo lọ ra òmíràn fún ara mi. Mo rò pé ìwà ọkọ rere ni mo hù.

Ó ń sọ nígbà mìíràn pé orí ń fọ́ òun. Ó ń ra oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó ń lò ó, ó ń lọ. Ìgbà tí mo bi í pé ṣé kò yẹ kó lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn, ó ní bí òun bá ti ìsọ̀, ta ni yóò bá òun tà. N kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Èmi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí.

Ilé ìwé ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣubú ní ibi ìdáná. Àwọn aládùúgbò ti gbé e dé ilé ìwòsàn kí n tó bá wọn. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà mi kúrò, ojú awọ bàtà náà ti jìn sínú ẹran ẹsẹ̀ bí okùn tí a so mọ́ igi tó ń dàgbà. Ó bi mí léèrè pé, “Bàbá, láti ìgbà wo lẹsẹ̀ yìí ti wú?”

Mo mọ iye ẹyìn tí ẹ̀rọ wa lè gún kí oòrùn tó yọ. Mo mọ irú epo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú. Kò bá wa padà wálé.

Nígbà tí a sin ín tán, wọ́n fa Ìyá Ebu lọ́wọ́ wá kí mi. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Ó jókòó ti àwọn tó wá kẹ́dùn. Àwọn kan ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, àwọn kan ní ayé ni. Nígbà tó yá, ó pè mí.

“Tíṣà.”

“Ìyá.”

“Ta ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Mo ní àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn.

“N ò bi ọ́ ní ti dókítà. Ta ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti di èjìká ìyàwó mi mú nínú kòtò rí, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn rọra fa aṣọ bo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìyá Ebu dìde, wọ́n fà á lọ. Kí òjò ọdún yẹn tó rọ̀, òun náà ti lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. N kò ní sọ pé ẹ̀rọ ló pa ìyàwó mi. Ẹ̀rọ kò pa á, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. N kò sì fẹ́ kí kòtò padà wá. Àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dára jù, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí kò wọ kòtò rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó sá lọ sí Àjàgbà kò ní bá wọn sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ méjì ni kòtò yẹn ń ṣe fún wa, ó ń fún epo, ó sì ń wo ẹsẹ̀. A gba iṣẹ́ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, a wá ẹni tí yóò ṣe ọ̀kan, a kò rántí èkejì. Ní gbogbo ìpàdé wa, kò sí ẹni tó béèrè pé yàtọ̀ sí epo, kí ni ibí yìí tún ń ṣe fún wa? Ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ni mo fi kún gbogbo àyè.

Wọ́n tún ń sọ ọ́ báyìí, ohùn àwọn ọ̀dọ́ ló kàn wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ iná, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè tó sì ń dáhùn bí ọmọ ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń fi í kọ àròkọ, mo ń mọ̀ nítorí pé àròkọ náà dára jù. N kò bá wọn jà. Mo fẹ́ iná, mo ti gbé inú òkùnkùn pẹ́. Mo fẹ́ kí obìnrin lè wà nílé rẹ̀ kí dókítà tó wà lọ́nà jíjìn sì gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n ì bá wù mí kí ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan tuntun wọ ìlú kọ́kọ́ lọ jókòó ti nǹkan àtijọ́ fún sáà kan, kó máa wò ó, kó wo àwọn tó ń wá síbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń gbà lọ tí kò lórúkọ. Kó tó wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

A ti gbé bẹ́ǹṣì kan sí ilé ẹ̀rọ báyìí. Èmi ni mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn elépo, n kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì kan ń wá láti ilé ìlera ní ọjọ́ epo, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dì mọ́ apá láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹní la ta sí i láti fi bo ojú, kí ohun tó bá rí má di ohun tí gbogbo ebu ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ obìnrin fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gbẹ́ kòtò padà ni?” Àwọn kan ń jókòó báyìí, àwọn kan kì í jókòó. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tí nọ́ọ̀sì kò lè wá, wọ́n máa ń to kẹ́ẹ̀gì epo sórí bẹ́ǹṣì náà. Mo máa ń lọ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ mi ti lọ́kọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó lóyún, ó ń pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, a ń rí ojú ara wa. Ojú ìyá rẹ̀ ló ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, a ti sọ̀rọ̀ tán, ó ń kí mi pé ó dàbọ̀, ni mo bá dá a dúró.

“Pupuru, gbé fóònù sọ́dọ̀ ẹsẹ̀.”

“Kí lẹ wí, Bàbá?”

“Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ rí.”

“Ẹsẹ̀ kẹ̀? Bàbá, ojú mi ò tó yín wò ni?”

“Mo ti rí ojú.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yí fóònù padà. Mo rí ilẹ̀ ilé rẹ̀, mo rí etí aṣọ, mo rí sálúbàtà. Ó tóbi.

“Bàtà ta nìyẹn?”

“Ti ọkọ mi ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju tèmi lọ.”

Mo tẹjú mọ́ bàtà náà. Ó rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ló já, ó ń pe, “Bàbá? Bàbá?” Mo ní kó bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ. Ojú awọ bàtà hàn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà nínú ẹrẹ̀.

“Fún ọkọ rẹ ní fóònù,” ni mo wí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kí mi, n kò jẹ́ ẹ. “Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe lọ́la.” Ó ní ọjọ́ Ìsinmi ni, àwọn ti ní ọjọ́ tí wọ́n ní káwọn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tún un sọ. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, mo ń tún un sọ títí mo fi gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n dá a dúró, bí wọ́n ṣe dá ìyá rẹ̀ dúró nígbà tí òun náà wà nínú oyún. Ọmọ tó bí ti ń rìn báyìí. Ọkùnrin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Pupuru. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé mo ṣe é dáadáa, pé fóònù dára. Mo ń dá wọn lóhùn pé ó dára. N kì í sọ ìyókù, pé irú fóònù yẹn wà nílé wa nígbà ayé ìyàwó mi, orí tábìlì la máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà.

Sálúbàtà dúdú yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n fi í fún mi ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ni mo rà á, èmi ni mo sì wọ̀ ọ́ wò kí n tó san owó. Mo máa ń wọ̀ ọ́ nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kò bá mi mu mọ́. Ó ti fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú rẹ̀.